Ọ̀gá Tó Ń Ka Eyín

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi eyín bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí parí sí.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní oyè tó gùn ju ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Alákòóso Àgbà Pátápátá fún Ìdàgbàsókè Tó Kárí, Ìgbélárugẹ Àwọn Tí A Ti Gbàgbé, àti Ọ̀rọ̀ Mìíràn Tó Bá Jẹ Mọ́ Ọn. Ilẹ̀kùn kò gbà á tán, ara ògiri ni wọ́n kọ "Tó Bá Jẹ Mọ́ Ọn" sí. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Alákòóso Àgbà. Àwa tí a kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Eyín.

Láràárọ̀, bó bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, akọ̀wé rẹ̀ á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ka oyè náà síta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí akọ̀wé bá fo ọ̀kan, Alákòóso Àgbà á padà sínú ọkọ̀, á ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀, wọn á sì tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé sín láàárín oyè kejì sí ìkẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún un kà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará ìta tó wá gba ìwé dúró sínú oòrùn, wọ́n ń gbọ́ oyè.

Ọ̀gá wa ń bá ayé rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ títí àwọn ìgbìmọ̀ onígbọ̀wọ́, àwọn tó ń pèsè ohun tí ó ń pín, fi kọ̀wé sí i. Wọ́n béèrè ohun kan ṣoṣo: báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ yín ń kan ìgbé ayé àwọn ènìyàn? Ẹlòmíì ì bá dìde kó lọ wo àwọn ènìyàn ọ̀hún. Tiwa ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ronú fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn á rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ á hàn. Nítorí náà, ẹ ka eyín."

Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ọgbọ́n yìí kọjá ti orí kan, sà. Orí mẹ́ta lẹ gbé sọ́rùn, a kàn ń rí ẹyọ kan ni."

"Dìde," Alákòóso Àgbà wí, "ṣùgbọ́n má tètè dìde."

Bí wọ́n ṣe dá Ẹ̀ka Ìka-Eyín sílẹ̀ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá mẹ́ta. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wo fọ́tò àwọn tó gba ẹ̀bùn, kí wọ́n ka eyín ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìròyìn. Nítorí pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ máa ń wà láàárín gbogbo fọ́tò, ó lọ ṣe eyín àtọwọ́dá sí òkè ẹnu. Mẹ́rin péré ló ti bọ́ nínú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n yọ ìyókù kí gbogbo rẹ̀ lè funfun dọ́gba. Eyín náà funfun bíi bẹ́síìnì tuntun. Ó fi díẹ̀ tóbi jù fún ẹnu tó gbé e, bí ọ̀gá bá sì pe ọ̀rọ̀ gígùn, á dún kẹ̀tẹ̀. Ó wá burú pé ọ̀rọ̀ gígùn ló fẹ́ràn jù láyé. Akọ̀wé ń gbé ife omi kékeré kan tẹ̀lé e kiri nítorí ọjọ́ tó bá máa já bọ́.

Àdúgbò wa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó ogún ẹ̀rọ ìránṣọ wá sí pápá ilé-ìwé, wọ́n sì pín in fún ogún ènìyàn. Kò sẹ́ni tó béèrè iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe. Onígerun gba ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹni tó ń jó irin gba ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá Aránbàtà, tó jẹ́ pé bàtà ló ti ń tún ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀, gba ẹ̀rọ ìránṣọ. Aránṣọ ẹyọ kan ló wà láàárín wọn, àṣìṣe sì ni, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ìyá Aránṣọ là ń pe obìnrin náà. Yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé pẹ̀lú ìyá tó bí i. Ojú ìyá náà ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ń rí ihò bọ́tìnnì ju ojú ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ọmọ á rán aṣọ, ìyá á ran bọ́tìnnì mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹun. Ẹ̀rọ wọn àtijọ́ ti wá kú pátápátá, alátùn-únṣe sì ti ní òun ò rí irin rẹ̀ rà mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀gá ilé-ìwé gbé yunifọ́ọ̀mù ọgọ́ta ọmọ fún un pé kó rán an de sáà tuntun. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò dé ọwọ́ rẹ̀ rí. Bó bá ṣe é yanjú, tirẹ̀ ni lọ́dọọdún. Bí kò bá lè ṣe é, yóò lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kan láàárín ìlú, kò sì ní padà wá mọ́.

Ẹ lè wá mọ bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun síwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ yí i, ó gbọ́ bó ṣe ń dún, ó rẹ́rìn-ín. Ó yọ àkísà aláwọ̀ àlùkò kan nínú àpò rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ẹ̀rọ náà, ó sì gún abẹ́rẹ́ olórí búlúù mẹ́ta mọ́ ọn. Gbogbo aránṣọ ló mọ ohun tí àkísà yẹn wà fún. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí kó má bàa sọnù bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lọ.

Alákòóso Àgbà kò mọ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Akọ̀wé, ohun ọ̀ṣọ́ wo nìyí?"

Akọ̀wé náà kò mọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́, kò sọ "mi ò mọ̀" rí. "Àmì ọlá ni, sà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló máa ń so ó mọ́ ẹyọ kan nínú ogún, èyí tó dára jù."

"Mo mọ̀. Mò ń dán ẹ wò ni. Rí i pé èyí ló ń wà níwájú nínú gbogbo fọ́tò tí a bá yà. Gbogbo rẹ̀ pátá."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àṣẹ yẹn. Ẹni tó pa á ló gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ìṣíde gba wákàtí méjì. "Ẹ̀yin tí ẹ tipasẹ̀ mi di ènìyàn," ọ̀gá wí, "lónìí, òṣì ti sá kúrò ní àdúgbò yín. Mo pàdé rẹ̀ lọ́nà nígbà tí mò ń bọ̀. Ó di ẹrù rẹ̀ lórí, kò lè wo ojú mi. Mo bi í pé níbo lò ń lọ. Ó ní, 'Alákòóso Àgbà, ibi tí ẹ ò bá sí ni mò ń lọ.'" Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ títí ife omi fi ń dà sí i lára. Àwa náà pàtẹ́wọ́, nítorí oòrùn ti mú, ó sì dà bíi pé ìyẹn lè mú un parí.

Lẹ́yìn náà ni ayàwòrán ya fọ́tò, àwọn tó ń ka eyín sì tò lọ láti ẹnu dé ẹnu. Ìyá Aránṣọ ní mẹ́rìnlá. Onígerun ní méjìdínlógún, wọ́n yìn ín. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Bàbá Aránbàtà.

"Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín."

"Mò ń rẹ́rìn-ín."

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Inú mi dùn, ọmọ mi. Eyín ni kò sí."

Ẹni tó ń ka eyín náà kọ òdo, ó kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀ pé: Kò tíì jàǹfààní. Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé jáde láti ọ́fíìsì, ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú: ẹnikẹ́ni tí fọ́tò kò bá rí eyín rẹ̀ ń ba iye wa jẹ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ètò ìdàgbàsókè tó kárí títí tí yóò fi ní ìlọsíwájú. Báyìí ni wọ́n ṣe yọ gbogbo àwọn àgbààgbà àdúgbò kúrò nínú ohun tí wọ́n ní ó kárí.

Ká padà sí pápá. Fọ́tò ti parí, ọkọ̀ akẹ́rù fi ẹ̀yìn wọlé, àwọn géńdé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rọ padà sínú rẹ̀. Ìyá Aránṣọ di tirẹ̀ mú.

"A fẹ́ lọ kọ nọ́ńbà sí i lára ni," akọ̀wé wí. "Ọ̀sẹ̀ méjì péré."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ̀. Àwa ò mọ̀. Obìnrin náà jọ̀wọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ rántí tú àkísà rẹ̀ kúrò.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó di mẹ́rin, ó di mẹ́fà. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ á béèrè láti orí àga rẹ̀ nínú pálọ̀.

"Ṣé wọ́n ti kọ nọ́ńbà ọ̀hún tán?"

"Wọn ò tíì kọ ọ́ tán, Màmá."

"Irú nọ́ńbà wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán yunifọ́ọ̀mù. Abẹ́rẹ́ gún gbogbo ìka rẹ̀, aṣọ márùn-ún péré ló sì parí lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá ilé-ìwé wá wò ó, ó mí kanlẹ̀. Obìnrin dáadáa ni ọ̀gá ilé-ìwé yìí, ṣùgbọ́n ọgọ́ta ọmọ kò lè wá sílé-ìwé ní ìhòòhò. Ó ní, "Mo lè dúró di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Bí mi ò bá rí máṣíìnì lọ́wọ́ ẹ lọ́jọ́ náà, mo ní láti gbé e fún àwọn ti àárín ìlú. Má bínú sí mi."

Ìyá Aránṣọ gba ọ́fíìsì lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dúró gbọ́ oyè tán. Akọ̀wé ṣí fáìlì.

"Eyín mẹ́rìnlá," ó wí. "O ti jàǹfààní."

"Máṣíìnì ò sí lọ́wọ́ mi, sà."

"Ọ̀rọ̀ máṣíìnì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìdùnnú là ń ṣe níbí. Ṣé ìwọ kọ́ lò ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò yìí?"

"Èmi ni."

"Ó tán. Bó o ti rẹ́rìn-ín, o ti buwọ́ lù ú nìyẹn. Ẹni tó ti jàǹfààní ò lè tún jàǹfààní lẹ́ẹ̀kejì, a máa yan ẹlòmíì jẹ."

Bó ti yíjú padà láti máa lọ, ó rí ògiri. Fọ́tò ńláńlá méje wà níbẹ̀, ti ìlú méje, tọ́jọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, níwájú gbọ̀ngbọ̀n, ẹ̀rọ kan wà tí àkísà àlùkò wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó ka abẹ́rẹ́. Mẹ́ta. Ogún ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń kó kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń fi pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, wọ́n ń ka eyín wọn, wọ́n ń gbé e lọ. Inú bí i. Bó ti ń jáde lọ, ó gbọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wí pé aṣojú àwọn ìgbìmọ̀ onígbọ̀wọ́ ń bọ̀ ní àdúgbò wa lọ́jọ́ Ẹtì, láti wá fojú rí ẹ̀rọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ní ìdí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ yẹn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wa. "Eyín wa ni wọ́n fi ń kó o lọ," ó ní. "Ẹni tó bá ṣí ẹnu lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti buwọ́ lùwé pé òun ti gbà á. Ẹ pa ẹnu dé."

"Tèmi rọrùn," Bàbá Aránbàtà wí. "Wọ́n ti yẹ̀ mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Lọ́jọ́bọ̀, Alákòóso Àgbà fúnra rẹ̀ wá kọ́ wa bí a ó ṣe rẹ́rìn-ín. Ó to gbogbo wa lẹ́sẹẹsẹ, ó ń rìn kọjá níwájú wa. "Ẹ ṣí i dé ibi tí ẹ fi ń fọ́ eegun," ó ní. "Kí ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé ìdàgbàsókè ti dé èrìgì." A rẹ́rìn-ín fún un dáadáa lọ́jọ́ náà, kò ná wa ní nǹkan kan. Ó lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ akẹ́rù kó ogún ẹ̀rọ padà dé láàárọ̀. Ìyá Aránṣọ kò dúró kí wọ́n pín in. Ó wá èyí tí àkísà rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ lọ, ó jókòó sídìí rẹ̀, ó fi ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú abọ́ bọ́tìnnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán yunifọ́ọ̀mù kẹfà. Ọ̀gá ilé-ìwé dúró lẹ́nu fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń wò ó.

Nígbà tí ọkọ̀ àlejò dé, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Alákòóso Àgbà tẹ̀ ba, ó gbé òdòdó lé e lọ́wọ́, ó kí i káàbọ̀ pẹ̀lú gbogbo oyè tó mọ̀ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ọkùnrin náà gba òdòdó, ó dúpẹ́, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ sálúbàtà. Obìnrin yìí ni aṣojú, ọkùnrin yẹn kàn ń wakọ̀ fún un ni. Àwa ìbá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n a ti ṣàdéhùn.

Ìyá Àlejò wo wa láti òpin kan dé òpin kejì. Ẹnu gbogbo wa wà ní dídé bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì ṣí. Ayàwòrán gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sójú, ó tún gbé e sílẹ̀. "Sà," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́, "kò sí eyín kankan."

"Ẹ rẹ́rìn-ín," Alákòóso Àgbà wí. A túbọ̀ pa ẹnu dé. Ó fi tirẹ̀ hàn wá láti rán wa létí bó ṣe ń rí.

Ìyá Àlejò ti kọjá lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Ó fọwọ́ kan àkísà náà. "Ta ló so èyí?"

"Àmì ọlá ni, mà," ọ̀gá sáré dáhùn. "Láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é."

"Aránṣọ ni ìyá mi," obìnrin náà wí. "Abẹ́ tábìlì rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Gígún abẹ́rẹ́ ni àkísà yìí wà fún." Ó ṣí ìwé ìròyìn tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí wọn, ó ń ṣí ojú ewé kọ̀ọ̀kan láìkánjú. "Ìlú méje. Ogóje ẹ̀rọ lẹ kọ síbí pé ẹ pín. Àkísà kan, abẹ́rẹ́ olórí búlúù mẹ́ta, nínú gbogbo fọ́tò." Ó wo Ìyá Aránṣọ. "Ọmọ mi, ìgbà wo ni wọ́n fún ẹ ní máṣíìnì yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, mà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ wákàtí mẹ́ta, a sì fi méjì nínú rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣíde. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni ti àárọ̀ yìí. Mi ò tíì mọ wákàtí mélòó ni."

Ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n dákẹ́ níbẹ̀ yẹn. Tiwa yíjú sí wa, iṣan ọrùn rẹ̀ le. "Aláìmoore ni gbogbo yín! Mo ní kí ẹ rẹ́rìn-ín, nítorí ìdàgbàsókè, ìgbélárugẹ, ìfìdímúlẹ̀, àjùmọ̀ṣe àti ìkárígbogbo—"

Kẹ̀tẹ̀.

Eyín náà jáde lódindi, ó fò kọjá akọ̀wé tó na ife sí ọ̀nà ibòmíì, ó sì balẹ̀ sórí yunifọ́ọ̀mù kẹfà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Ìyá Aránṣọ mú ìrépé aṣọ kan, ó fi gbé eyín náà sókè, ó yí i wò síwá sẹ́yìn. Alákòóso Àgbà fi ọwọ́ kan bo ẹnu, ó na ọwọ́ kejì sí i.

"Ẹ má bínú, sà," obìnrin náà wí pẹ̀lẹ́. "A fẹ́ lọ kọ nọ́ńbà sí i lára ni. Ọ̀sẹ̀ méjì péré."

Ìyá rẹ̀ gbé orí sókè láàárín bọ́tìnnì. "Ṣé nọ́ńbà ọ̀hún náà ni wọn ò tíì kọ tán?"

Bàbá Aránbàtà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó gbá gbogbo wa lọ. Onígerun ń lu ẹ̀yìn ẹni tó ń jó irin, ọ̀gá ilé-ìwé gbára lé fèrèsé, awakọ̀ fi òdòdó bo ojú, Ìyá Àlejò fúnra rẹ̀ ń fi gèlè nu omi ojú. Ọwọ́ ayàwòrán ti mọ́ ọn lára, ó tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé pàápàá rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ tí kò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀gá rẹ̀.

Àwọn tó ń ka eyín ka fọ́tò náà, nítorí iṣẹ́ ni iṣẹ́. Eyín ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹ̀ka náà sílẹ̀, wọn kò rí iye tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní iwájú Bàbá Aránbàtà, wọ́n kọ ọ́ pé: A kò rí i, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní òdo nínú fọ́tò náà, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n kọ síwájú rẹ̀ pé: Kò tíì jàǹfààní.

Àwọn ìgbìmọ̀ onígbọ̀wọ́ kò ṣe wàhálà láti wá òfin tuntun tí wọn yóò fi lé e. Wọ́n rí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ buwọ́ lù, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí tí yóò fi ní ìlọsíwájú. Wọ́n nu orúkọ rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó rántí ara ògiri, "Tó Bá Jẹ Mọ́ Ọn" ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ẹ máa sọ pé kí la ṣe sí eyín rẹ̀. Ìyá Aránṣọ dá a padà fún un lọ́jọ́ yẹn gan-an, nínú ife akọ̀wé, lẹ́yìn tó ti fi omi ṣàn án. Wákàtí kan kò pé tó fi wà lọ́wọ́ wa.

Kí ọkọ̀ Ìyá Àlejò tó lọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àwọn ẹ̀rọ náà mọ́. Onígerun gbé tirẹ̀ fún aránṣọ kan ní òpópónà kejì, Bàbá Aránbàtà ní kí wọ́n wá òun ní ti bàtà. Ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀kalẹ̀ wá sí pápá. "Mo fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì," ó wí fún Ìyá Aránṣọ. "Ọ̀sẹ̀ méjì gidi, kì í ṣe tiwọn."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ wà lórí tábìlì nínú pálọ̀, ó ń dún. Ìyá na ọwọ́, ó fi ìka tọ ara irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó kan àkísà, ó ka abẹ́rẹ́.

"Mi ò rí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀."

"Wọn ò kọ ọ́, Màmá."

"Ó sì ń ránṣọ?"

"Ó ń ránṣọ."

Ìyá náà gbé abọ́ bọ́tìnnì sórí itan rẹ̀. "Gbé ọ̀kan wá," ó wí.